Pápá bésíbọ́ọ̀lù Arlington: òrùlé tó ń ṣí, ta ló rí i kó ṣí?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ ló ti dá sí i, èmi náà fẹ́ fèsì, fún ẹni tó béèrè àti fún àwọn tó dá sí i:

"Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Arlington, ní Texas, ò jẹ́ ká gbádùn lórí pápá bésíbọ́ọ̀lù wọn. Ó ní òrùlé rẹ̀ ń ṣí bí ìdérí ìkòkò, ó sì ń padà dé. Mo wá wádìí ẹ̀: nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná sí i, èyí tí wọ́n pa tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò sì ju ọdún 26 lọ. Ilé bàbá mi n'Íbàdàn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀ẹ̀kan péré la pààrọ̀ páànù ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ sọ òótọ́ ibẹ̀ fún mi. Ṣé torí oòrùn nìkan ni wọ́n ṣe kọ́ nǹkan yìí, àbí ẹnìkan ń jẹun níbẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ sì ti fojú ara yín rí i kí òrùlé yẹn ṣí?"

* * *

Torí oòrùn ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹnìkan sì ń jẹun níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ọdún 2008 ni mo dé Arlington. Àwọn kan rò pé àwa tá a ti Nàìjíríà wá ò yẹ ká máa ráhùn oòrùn. Wọn ò tíì rí ti ibí ni. Oòrùn ilé, ìkùukùu máa ń bò ó, òjò máa ń lé e, ẹ sì máa rí abẹ́ igi máńgòrò sá sí. Ti Texas nínú oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, àfi bí ẹni dúró lẹ́nu ààrò. Lọ́dún 2011, ọjọ́ 71 ni ooru agbègbè Dallas yìí wọ 100 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bíi 38 lórí ti Celsius. Ogójì ọjọ́ nínú ẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn gbọnrangandan. Ọdún yẹn náà wá ni ẹgbẹ́ Texas Rangers dé àṣekágbá World Series lẹ́ẹ̀kejì léraléra. Gbogbo ìlú fẹ́ lọ wò wọ́n.

Mo mú ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, lọ wo eré ọ̀sán kan ní pápá àtijọ́. Bésíbọ́ọ̀lù kì í ṣe bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá tí aago máa sọ pé ó tó. Ìpele mẹ́sàn-án ni, nígbà yẹn ó sábà máa ń gba wákàtí mẹ́ta, tí ọ̀mì bá sì wà níbẹ̀, ẹ ṣì ń bá a lọ ni. Àga gbóná débi pé mo ní láti tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sí i kí ọmọ tó lè jókòó. A mu omi ìgò kan, a mu ìkejì, a mu ìkẹta. Kó tó di ìpele kẹrin, ọmọ wò mí lójú, ó ní, "Dádì, ṣé a lè lọ wo ìyókù nílé?" A lọ wo ìyókù nílé. Mo ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, mo ti sanwó páàkì, mo wá lọ ń wo tẹlifíṣọ̀n tí mi ò sanwó ẹ̀.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Eré 81 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà nílé lọ́dún, láti ìparí oṣù Kẹta títí wọ ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ẹ ka iye tó bọ́ sínú ooru níbẹ̀. Gbogbo àga tó bá ṣófo torí ooru, owó oní-ẹgbẹ́ ló ń sọnù. Èyí ló bí òrùlé.

* * *

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ẹ jẹ́ kí n tú ohun kan tó lọ́pọ̀. Ẹni tó ní òun dé "Globe Life" ní 2016 tóun ò rí òrùlé kankan ò parọ́. Globe Life Park ni wọ́n ń pe pápá àtijọ́ nígbà yẹn, èyí tó ṣí ní 1994. Globe Life Field ni tuntun. Iléeṣẹ́ adójútòfò kan náà ló sanwó orúkọ méjèèjì.

Wọn ò sì wó àtijọ́. Wọ́n tún inú ẹ̀ tò fún bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá àti irú bọ́ọ̀lù táwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé lọ́wọ́ sá, Choctaw Stadium ló ń jẹ́ báyìí. Nítorí náà, "pa tì" tí ẹ kọ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àmọ́ ilé tí wọ́n kọ́ fún bésíbọ́ọ̀lù, tí bésíbọ́ọ̀lù kó jáde nínú ẹ̀ lẹ́yìn ọdún 26, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

* * *

Àbúrò kan kọ ọ́ pé àwọn ará ìlú ló dìbò fún un, kí la tún ń jà sí. Ìbò wáyé lóòótọ́. Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni, ọjọ́ kan náà tí Amẹ́ríkà dìbò ààrẹ. Nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìlú yóò san tó 500 mílíọ̀nù dọ́là, ẹgbẹ́ yóò gbé ìyókù, bí owó bá sì kọjá iye tí wọ́n dá, ọrùn ẹgbẹ́ ló wà.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ta á fún wa. Àdéhùn Rangers ní pápá àtijọ́ máa parí ní 2024. Ariwo ta pé Dallas ń ṣẹ́jú sí wọn. Ẹni tó bá ti gbé níbi tí onílé ti ń wá ayálégbé tuntun á mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí lára. Kò sí ẹni tó wá bi wá pé ṣé a fẹ́ òrùlé. Ohun tí wọ́n bi wá ni pé ṣé a fẹ́ kí Rangers kó lọ.

Owó ìlú ń ti ibi mẹ́ta wá: ìdajì sẹ́ǹtì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi rajà, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó òtẹ́ẹ̀lì, àti ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọkọ̀ tí èèyàn bá háyà. Wọ́n máa ń sọ pé àlejò ló ń san án. Ti òtẹ́ẹ̀lì àti ti ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ti ọjà ńkọ́? Ní Texas, wọn kì í gba owó orí lórí iṣu àti ìrẹsì tútù. Ìkòkò tẹ́ ẹ máa fi sè é ni wọ́n ń gbà á lé. Nítorí náà, ìyá àgbà tí kò mọ bésíbọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ayò ọlọ́pọ́n, tó lọ ra ìkòkò àti bébà ìnuwọ́ ní Arlington, ti bá wọn san nínú òrùlé yẹn.

Wọn ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdajì sẹ́ǹtì náà ni wọ́n dìbò lé ní 1991 láti fi kọ́ èyí tó ṣí ní 1994. George W. Bush wà lára àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, kó tó di gómìnà. Nǹkan bíi 600,000 dọ́là ló fi sí i. Nígbà tí wọ́n ta ẹgbẹ́ náà ní 1998, nǹkan bíi 15 mílíọ̀nù ló kàn án. Ẹ béèrè pé ta ló ń jẹun níbẹ̀. Ó dọwọ́ yín.

Àmọ́ mi ò ní tan yín: èmi náà dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi ti di ọmọ ọdún méjìlá nígbà yẹn, mo sì rántí táwẹ́ẹ̀lì yẹn.

* * *

Ẹni tó béèrè bí ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ṣe rí, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dùn ún gbọ́, ó sì ṣeni láàánú.

Ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020 ló yẹ kí eré àkọ́kọ́ wáyé. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Kẹta ọdún 2020. Pápá ti parí tán, ó ń dán, kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé. Àwọn tó kọ́kọ́ lò ó gan-an kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni, tí wọ́n wá ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde níbẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, torí ilé ẹ̀kọ́ wọn ò láyè tí wọ́n lè fi jókòó jìnnà síra wọn.

Eré gidi àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù Keje, Rangers pẹ̀lú Colorado Rockies. Rangers ló jáwé olúborí, 1-0. Kò sí òǹwòran kankan. Àwòrán èèyàn tí wọ́n gé láti ara páálí ni wọ́n tò sórí àga. Ẹ fojú inú wò ó: ilé tí wọ́n ná bílíọ̀nù sí kí ara èèyàn lè tutù, páálí ló ń gbádùn afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù.

Nínú oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n gbé gbogbo World Series wá síbẹ̀, torí àjàkálẹ̀ àrùn, bẹ́ẹ̀ Rangers ò sí nínú ẹ̀. Dodgers ti Los Angeles na Rays ti Tampa Bay nínú eré mẹ́fà. Wọ́n gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá èèyàn láàyè ní eré kọ̀ọ̀kan, nínú pápá tó gba ogójì ẹgbẹ̀rún. Corey Seager ti Dodgers ló gba ife-ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù. Ẹ fi orúkọ yẹn pamọ́, ó ń padà bọ̀.

Ọjọ́ tí mo máa ń pè ní ọjọ́ ìṣílé tòótọ́ ni ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2021. Rangers ṣí gbogbo àga sílẹ̀ fún títà láìdín ọ̀kan, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó dán an wò látìgbà tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 38,238 ló wá. Ààrẹ Biden ti sọ ṣáájú pé àṣìṣe ni. Ìyàwó mi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe, ó ti fi ọdún kan gbáko rí ohun tí kò fẹ́ rí. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Tẹ́ ẹ bá ti ibẹ̀ dé, ẹ sùn sí gáréèjì fún ọjọ́ mẹ́rìnlá." Mo wò ó ní pálọ̀. Toronto ló nà wá.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston ní kí ẹnikẹ́ni má pe Arlington ní olórí, pé Houston ló kọ́kọ́ bo bésíbọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Astrodome, 1965. Ṣùgbọ́n kí ẹ sọ ìyókù náà. Òrùlé tó dì pa ni, kì í ṣí. Wọ́n fi ike tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ṣe é kí koríko lè hù nísàlẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá fò sókè, oòrùn inú ike á fọ́ àwọn tó fẹ́ hán an lójú. Wọ́n bá kun ike náà ní ọ̀dà. Koríko kú. Ibẹ̀ ni koríko àtọwọ́dá ti di olókìkí, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní AstroTurf ní 1966. Ojútùú kan ló bí wàhálà kejì, kejì bí ẹ̀kẹta.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi fẹ́ òrùlé tó ń ṣí: kí koríko rí oòrùn, kí èèyàn má rí i. Houston gan-an ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ pápá tuntun ní 2000, koríko gidi ló wà níbẹ̀. Phoenix ti ṣe é ní 1998. Ní Arlington ńkọ́? Koríko àtọwọ́dá ni wọ́n tẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń sọ fún yín. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa ń ṣí òrùlé kò ní da ara ẹ̀ láàmú pẹ̀lú ike.

Àti pé kẹ́ ẹ má rò pé òrùlé ò ń dá ìjà sílẹ̀ lórí pápá. World Series 2005, ní Houston. Astros, ẹgbẹ́ Houston, fẹ́ ti òrùlé pa torí ariwo òǹwòran máa ń gbá jọ sínú ilé, wọ́n sì máa ń borí dáadáa bó bá wà ní títì. Àwọn aláṣẹ bésíbọ́ọ̀lù pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí i. Wọ́n ṣí i. White Sox ti Chicago na Astros nínú ìpele mẹ́rìnlá, eré tó gbà tó wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 41. Títí dòní, tí ẹ bá dárúkọ òrùlé fún àwọn ará Houston kan, ojú wọn á yí padà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú.

* * *

Ó dáa, ìbéèrè gan-an: ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti rí i kó ṣí?

Mo ti lọ nígbà mọ́kàndínlógún. Mo rí i ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀mẹrin. Mẹ́ta nínú ẹ̀ jẹ́ oṣù Kẹrin, ọ̀kan jẹ́ ìparí oṣù Kẹsàn-án, gbogbo ẹ̀ lálẹ́.

Apá tó ń rìn ń yí lórí irin bíi ti rélùwéè, ó sì ń gbà tó ìṣẹ́jú méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò yára. Ẹ lè ra gúgúrú kẹ́ ẹ padà dé kó ṣì máa lọ. Kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ kọ́kọ́ máa mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ yí padà lára yín kẹ́ ẹ tó gbójú sókè.

Ẹni tó ní ìyẹn nìkan tó owó tí wọ́n san, mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Ní alẹ́ oṣù Kẹrin kan, afẹ́fẹ́ tútù díẹ̀, ojú ọ̀run pọ́n bí epo pupa, òùngbẹ ò gbẹ ẹnikẹ́ni. Mi ò lè sọ pé kò dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú bí ẹni tó ti ṣe òde àríyá rí. Kánópì ni nǹkan yìí. Ẹ ti rí ẹni tó ń háyà kánópì kó lè máa ká a kúrò lórí àlejò nígbà mẹ́rin nínú àríyá mọ́kàndínlógún? Òrùlé tó dì pa tí iná mọ̀nàmọ́ná ń tàn dáadáa nínú ẹ̀ ì bá ti ṣe iṣẹ́ tá a ní kó ṣe. Apá tó ń ṣí yẹn, fọ́tò ni wọ́n rà.

Wọ́n ní mo le jù. Ẹnìkan ní tí òrùlé bá dì pa, tí Rangers bá ń gbá bọ́ọ̀lù nínú àpótí lọ́dọọdún, èmi yìí náà ni màá kọ́kọ́ kígbe pé wọ́n gba ojú ọ̀run lọ́wọ́ wa. Ó ṣeé ṣe.

* * *

Ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tó ń bínú pé igun pápá ò dọ́gba. Bésíbọ́ọ̀lù ò ní ìwọ̀n kan tí gbogbo pápá gbọ́dọ̀ bá mu lẹ́yìn, iwájú nìkan ló dọ́gba. Ní Arlington wọ́n fi ìwọ̀n ṣe ìrántí. Ẹsẹ̀ bàtà 329 ló wà lápá òsì, torí Adrian Beltre, agbábọ́ọ̀lù Rangers tẹ́lẹ̀ tó wọ nọ́ńbà 29. Ibòmíì jẹ́ 372, torí 1972 ni Rangers dé Arlington. Láti ibi tí ẹni tó mú igi dúró sí dé ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 42, torí Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sínú bésíbọ́ọ̀lù àgbà láyé òde òní, ní 1947. Èyí wú mi lórí ju òrùlé lọ, kò sì ná wọn ní nǹkankan.

* * *

Mo ní Seager ń padà bọ̀. Rangers rà á wá. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023, eré àkọ́kọ́ World Series ní Arlington pẹ̀lú Arizona, ìpele kẹsàn-án, ayò méjì ni wọ́n fi ń nà wá. Seager gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, ayò méjì wọlé, ọ̀mì dé. Ní ìpele kọkànlá, Adolis García, ọmọ Cuba, ilẹ̀ tí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé Ṣàngó dé, gbá tiẹ̀ kọjá ògiri náà. 6-5. Ariwo tó wà nínú ilé yẹn, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí ní pápá àtijọ́, nítorí pé kò rí ibi jáde lọ. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti gbà pẹ̀lú àwọn ará Houston nìyẹn.

Àmọ́ gbọ́ o: ilé àwọn Arizona ni wọ́n ti gba ife náà, ní Phoenix, ife World Series àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà gbà láyé. Eré mọ́kànlá ni wọ́n lọ gbá nílé ẹgbẹ́ mìíràn nínú ìdíje ìparí ọdún yẹn, wọ́n borí nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè ti padà wá kọ̀wé. Ẹ ní ẹ ti gba físà, pé oṣù Keje lẹ ń bọ̀, kí ni kẹ́ ẹ mọ̀.

Kò sí rélùwéè tó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ èèyàn tàbí táksì ni. Ẹ jẹ́ kí àbúrò ìyàwó yín ra ibi ìgbọ́kọ̀sí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Nígbà kan mo débẹ̀ láìrà á, onípáàkì kan gba iye kan lọ́wọ́ mi tí mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi di òní olónìí.

Àga òkè náà dára, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan yín ra ti ìsàlẹ̀ torí fọ́tò. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ.

Ẹ kó súẹ́tà dání. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Lóde, oòrùn á fẹ́ bó yín láwọ; nínú ilé, ẹ̀rọ amúlétutù á mú yín gbọ̀n. Òrùlé á wà ní títì látìgbà tẹ́ ẹ bá wọlé títí tẹ́ ẹ máa fi jáde. Tó bá jẹ́ pé torí kẹ́ ẹ lè rí i kó ṣí lẹ ṣe ń bọ̀, ẹ sún físà yẹn sí oṣù Kẹrin.